Ẹ má jù ú nù o, owó ni: bí a ṣe ń dá ìgò, ike àti agolo padà ní Jámánì

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Jámánì, ẹ kú orí ire, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá ká sọ̀rọ̀ ìgò. Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ ti Anmeldung, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ àdírẹ́sì, fún yín, wọ́n ti sọ ti ìnṣúráǹsì, wọ́n ti kìlọ̀ pé ẹ má wọ tíréènì láìní tíkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò tíì sẹ́ni tó sọ fún yín pé ike omi tẹ́ ẹ mu tán lánàá tẹ́ ẹ sọ sí dọ́sítíbìn, 25 sẹ́ǹtì ń bẹ lára ẹ̀.

Èmi náà ò mọ̀ nígbà tí mo dé. Odindi oṣù méjì ni mo fi ń ra omi tí wọ́n fi nylon so mẹ́fà-mẹ́fà pọ̀, méjì lọ́sẹ̀, màá mu ún tán, màá rún ike ẹ̀ kó má gbàyè, màá jù ú nù, inú mi á sì máa dùn pé kíṣìnì mọ́ tónítóní. Ọmọ Ghana kan tá a jọ ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì ló wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ bẹ̀ mí, kí n jọ̀ọ́ kí n yéé rún àwọn ike yẹn, pé mẹ́ṣìn kì í gbà á tó bá ti rún. Mo ní mẹ́ṣìn wo? Bó ṣe bú sẹ́rìn-ín nìyẹn. Àṣé ó ti pẹ́ tó ti ń ṣa àwọn tí mi ò rún látinú dọ́sítíbìn, ó ń fi ra búrẹ́dì. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ike 12 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, 24 Yúrò, ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ o!

Pfand ni wọ́n ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí P iwájú yẹn dà yín láàmú, ẹ pè é ní "fáńtì", wọ́n á gbọ́ yín. Kì í sì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa rárá. Nílé, tí wọ́n bá rán èèyàn lọ ra mínírà onígò, òfìfo lèèyàn á kọ́kọ́ mú dání. Tó ò bá ní òfìfo, ìyá tó ń tà á á ní kó o dúró mu ún níbẹ̀, tàbí kó o fi owó ìgò sílẹ̀, tó o bá dá ìgò padà kó o wá gbowó ẹ. Tó bá sì fọ́ lọ́nà, ìwọ àtẹni tó rán ẹ níṣẹ́ lẹ jọ máa yanjú ẹ̀. Bí Pfand ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe táàsì, owó yín ni, ẹ kàn fi dúró ni títí òfìfo á fi padà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju pé ojú mọ ojú la fi ń ṣe tilé, ìyá yẹn lè ní kò burú, lọ gbé e wá lọ́la. Mẹ́ṣìn ni tibí, mẹ́ṣìn ò sì mọ ìyá ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, torí ó máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín níwájú mẹ́ṣìn. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, ìgò tí wọ́n ń fọ̀ tí wọ́n ń tún lò ni wọ́n ń san Pfand lé lórí. Àmọ́ agolo àti ike alò-sọnù ń pọ̀ sí i, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1991 sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé tí ìpín ìgò alòtúnlò bá já wálẹ̀ tí kò tó 72 nínú 100 mọ́, Pfand máa kan àwọn alò-sọnù náà. Ó já wálẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ọtí àtàwọn ṣọ́ọ̀bù gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, wọn ò rí i dá dúró, nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2003, lásìkò tí Jürgen Trittin jẹ́ mínísítà àyíká, ó bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ò dáa o. Ṣọ́ọ̀bù ńlá-ńlá kan lè kọ ohun tí kì í ṣe tiẹ̀, kí wọ́n ní ọ̀dọ̀ lágbájá lẹ ti rà á, ẹ lọ bá lágbájá. Ta ló ráyè gbé agolo kan rìn kiri ìgboro? Oṣù karùn-ún 2006 ni wọ́n tó pa ìyẹn rẹ́, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tó bá ń ta ike gbọ́dọ̀ gba ike, èyí tó ń ta agolo gbọ́dọ̀ gba agolo, ibi yòówù kẹ́ ẹ ti rà á.

Lójú tèmi o, ibẹ̀ yẹn gan-an ló sọ ọ́ di bárakú fáwọn èèyàn yìí. 25 sẹ́ǹtì dáa, àmọ́ ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni pé ibi tẹ́ ẹ ti ń lọ ra búrẹ́dì àti ẹyin náà ni mẹ́ṣìn wà, ẹ ò ní yà kúrò lọ́nà fún un. Nínú ike alò-sọnù 100 tó lówó Pfand lórí, bíi 98 ló ń padà. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn àyíká jù wá lọ, wọ́n ti mú kó rọrùn ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sídìí iṣẹ́. Kẹ́ ẹ tó ra nǹkan, ẹ wo bébà iye owó tó wà lára ṣẹ́ẹ̀fù dáadáa, ẹ máa rí i pé wọ́n kọ iye ọjà, wọ́n wá fi lẹ́tà wínníwínní kọ "zzgl. 0,25 € Pfand" sísàlẹ̀. Ìyẹn ni pé 25 sẹ́ǹtì ṣì máa gorí ẹ̀ ní kántà. Tẹ́ ẹ bá ń fi owó tó kù nínú àpò raja, ẹ fi sọ́kàn, torí omi olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà ní Aldi tàbí Lidl yẹn, Pfand ẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó omi fúnra ẹ̀. Ojú á ti èèyàn kan tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa ní kántà, á wá dá omi kan padà, àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á máa mí kanlẹ̀.

Wàyí o, ẹ gbọ́dọ̀ dá wọn mọ̀ yàtọ̀ síra. Àkọ́kọ́ ni Einweg, alò-sọnù, ike àti agolo ló pọ̀ jù níbẹ̀. 25 sẹ́ǹtì ni gbogbo ẹ̀, ì báà jẹ́ agolo kékeré, ì báà jẹ́ ike lítà kan àtààbọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti 0,1 lítà títí dé 3 lítà. Ẹ máa rí àmì kan lára ẹ̀, àwòrán ìgò àti agolo pẹ̀lú ọfà tó ṣẹ́ kọ́rọ́, àmì DPG nìyẹn, òun ni kẹ́ ẹ máa wò. Ìkejì ni Mehrweg, alòtúnlò, èyí tí wọ́n máa fọ̀ tí wọ́n á tún rọ nǹkan sí. Ìgò bíà tiẹ̀ jẹ́ 8 sẹ́ǹtì, ti omi àti mínírà àti ìgò bíà tó ní ìdérí onírin tó ń ṣẹ́ sókè yẹn jẹ́ 15 sẹ́ǹtì, kíréètì òfìfo fúnra ẹ̀ sì jẹ́ 1,50 Yúrò. Kíréètì bíà tó ní ìgò 20 nínú, 3,10 Yúrò lẹ máa gbà tó bá pé. Ìkẹta ni èyí tí kò ní kọ́bọ̀ lórí: ìgò wáìnì, ìgò ọtí líle, páálí júùsì àti ti mílíìkì, ìgò jáàmù. Ẹ má kó wọn lọ síwájú mẹ́ṣìn kó má baà máa tì í padà sí yín lójú èrò. Ìgò wáìnì, inú kọ̀ǹtéínà ìgò tó wà ládùúgbò lẹ máa sọ ọ́ sí, funfun lọ́tọ̀, búráwùn lọ́tọ̀, gíríìnì lọ́tọ̀, èyí tí kò bá sì bá àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu, ẹ jù ú sí ti gíríìnì. Ẹ má lọ ṣe é lọ́jọ́ Sunday o, aládùúgbò yín á bá yín wí.

Júùsì ti ń yí padà ṣá. Láti 2022, júùsì inú ike náà ti ní Pfand, gbogbo agolo ohun mímu náà sì ti ní in. Láti 2024, mílíìkì inú ike. Ìyẹn ni pé ohun tí bọ̀dá tó ti wà níbí láti 2010 sọ fún yín lè ti kọjá lọ. Àmì ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, ẹ má gba bọ̀dá gbọ́.

Ohun mìíràn tó kàn wá ni Afro shop. Mọ́ọ̀tì àti mínírà tó wá tààrà láti ilé, ẹ yẹ ara ẹ̀ wò dáadáa, tí kò bá sí àmì yẹn, kò sí mẹ́ṣìn tó máa gbà á. Tí wọ́n bá wá gba Pfand lọ́wọ́ yín lórí ohun tí kò lámì, ẹ gba rìsíìtì, ọ̀dọ̀ wọn náà lẹ máa dá a padà sí.

Nínú ilé, òfin mẹ́ta péré ni mò ń tẹ̀ lé. Ẹ má rún un. Ẹ má ya lébù ara ẹ̀ kúrò, torí lára lébù ni bákóòdù àti àmì wà, èmi mọ obìnrin kan tó máa ń fọ ike tó máa ń bó lébù kúrò torí ìmọ́tótó, ó kó gbogbo ẹ̀ débẹ̀, kò gba sẹ́ǹtì kan. Kẹ́ ẹ sì da ohun tó kù nínú ẹ̀ nù, mẹ́ṣìn máa ń mọ̀ tó bá wúwo jù, yàtọ̀ síyẹn kòkòrò á kún ilé yín. Ìdérí, ẹ fi sílẹ̀ lórí ẹ̀, láti oṣù keje 2024 ni òfin EU ti ní kí wọ́n so ó mọ́ ike, ìdí nìyẹn tó fi máa ń gún yín nímú tẹ́ ẹ bá ń mu omi. Ẹ ra báàgì IKEA aláwọ̀ búlúù yẹn, ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì, tó bá kún, ẹ gbé e. Ẹ má jẹ́ kó di òkè o. Mo ti lọ sílé ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ pé ike ti gba bálíkónì, kò sáyè láti sá aṣọ.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lọ ní Saturday ìrọ̀lẹ́. Gbogbo àdúgbò ló máa wà níbẹ̀, ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dé á wà níwájú yín pẹ̀lú àpò mẹ́rin. Sunday sì rèé, ṣọ́ọ̀bù ti pa. Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè láàárọ̀ ló dáa. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Leergut" tàbí "Pfandrückgabe" sí, ẹnu ọ̀nà ló máa ń wà tàbí ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ń kó ọtí sí, ilẹ̀ ibẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ bàtà, òórùn bíà kíkan á júwe ọ̀nà fún yín. Ihò róbótó kan wà lára mẹ́ṣìn, ẹ fi ìdí ìgò ṣáájú, ẹ tì í wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ọwọ́ kúrò. Ó máa yí i po, ó ń wá bákóòdù àti àmì, ó ń wo bó ṣe rí àti bó ṣe wúwo, tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gbé e lọ, ẹ máa gbọ́ gbàràgàdà lẹ́yìn, ó ń rún ike àti agolo nìyẹn kẹ́nì kankan má baà tún gbé e padà wá gbowó lẹ́ẹ̀kejì. Ìgò alòtúnlò kò ní rún un, á rọra tò ó ni. Kíréètì ní ihò tiẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ ti gbogbo ẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú ìgò inú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti kó o tán, ẹ tẹ bọ́tìnnì kó pọ Bon jáde, ìyẹn bébà tí wọ́n kọ iye owó yín sí. Ẹ fara balẹ̀ níbí. Àwọn mẹ́ṣìn kan ní bọ́tìnnì méjì, ọ̀kan fún Bon, ọ̀kan tí wọ́n kọ "Spende" sí, ìyẹn ni pé ẹ fowó náà tọrẹ àánú. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ẹ ní in lọ́kàn ni, kó má jẹ́ àṣìtẹ̀ bíi tèmi, 6 Yúrò àtààbọ̀ mi lọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run gbà á ṣá.

Bon yẹn, inú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni kẹ́ ẹ ti lò ó. Wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú owó ọjà, wọ́n sì lè kó owó fún yín lọ́wọ́, kò pọn dandan kẹ́ ẹ ra nǹkan kan. Òfin fún yín ní ọdún mẹ́ta, láti ìparí ọdún tẹ́ ẹ gbà á ni wọ́n máa ń kà á, àmọ́ bébà yẹn máa ń ṣá, ẹ má fi sápò ṣòkòtò lọ fọ̀.

Bí mẹ́ṣìn bá tì í padà ńkọ́? Ẹ má bínú, ẹ má sì sáré sọ ọ́ sínú dọ́sítíbìn ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe nìyẹn torí pé ojú ń tì wá. Ẹ kọ́kọ́ nu bákóòdù, ẹ tún un tì sínú. Tó bá kọ "Behälter voll", ikùn ẹ̀ ló kún, ẹ tẹ bẹ́ẹ̀lì, wọ́n á wá kó o. Tó bá jẹ́ alò-sọnù ló rún, àmọ́ tí àmì yẹn ṣì hàn lára ẹ̀, ẹ gbé e lọ bá òṣìṣẹ́ ibẹ̀, kẹ́ ẹ sọ pé "Der Automat nimmt die Flasche nicht an", ìyẹn ni pé mẹ́ṣìn ò gba ìgò yìí, wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ gbà á. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ilẹ̀ ẹ̀ ò tó 200 mítà níbùú lóròó nìkan ni òfin dín ti ẹ̀ kù, irú Späti tàbí kíósìkì, àwọn yẹn lè ní irú ọtí táwọn ń tà nìkan làwọn máa gbà. Ìgò alòtúnlò ni kò lófin bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tí kò bá ta irú ẹ̀ lè kọ̀ ọ́, ẹ ò sì lè jà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ gbé ìgò bíà lọ sí Aldi tàbí Lidl, ibi tó jẹ́ pé ike ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí Rewe, Edeka, Kaufland, tàbí Getränkemarkt, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé ọtí àti mínírà nìkan ni wọ́n ń tà.

Getränkemarkt yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sọmọ lórúkọ tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe bọ́ọ̀dé, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń tà á ní "Kommission". Ẹ máa kó kíréètì 15 lọ, ẹ máa lò ó, èyí tẹ́ ẹ ò bá ṣí rárá wọ́n á gbà á padà ní odindi owó, òfìfo sì rèé, Pfand ẹ̀ dúró dè yín. Ẹ fi ẹnì kan tó gbọ́n ṣọ́ òfìfo lálẹ́ ọjọ́ náà o, torí àwọn ọmọdé ti mọ̀ pé owó ni, ìgò 30 á ti kúrò lórí tábìlì kí àdúrà ìparí tó parí.

Ó kù ohun kan tó ń dùn mí nínú ètò yìí. Mẹ́ṣìn ń gba Einweg, ó ń gba Mehrweg, inú Bon kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń bọ́ sí, ni ọ̀pọ̀ èèyàn bá rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn mìíràn tiẹ̀ rò pé èyí tó gba 25 sẹ́ǹtì ló dáa jù fún àyíká torí pé owó ẹ̀ pọ̀. Rárá o. Wọ́n lè tún ìgò alòtúnlò rọ ní bíi ìgbà 50 kó tó kúrò nílò. Ike 25 sẹ́ǹtì, lílò ẹ̀ẹ̀kan péré ni, wọ́n á yọ́ ọ. Òfin ilẹ̀ yìí fẹ́ kí alòtúnlò jẹ́ 70 nínú 100, kò sì tíì dé ìdajì títí di báyìí. Ohun tí mẹ́ṣìn yìí kọ́ àwọn èèyàn ni bí wọ́n ṣe ń dá nǹkan padà, kò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yan ohun tí wọ́n máa rà. Èmi náà ò lè purọ́, àjà kẹrin ni mò ń gbé, kò sí lífìtì, kíréètì ìgò wúwo, ike ni mo ṣì ń rà.

Ẹ máa rí àwọn tó ń ṣa ìgò kiri, Pfandsammler ni wọ́n ń pè wọ́n: bàbá arúgbó tí owó ìfẹ̀yìntì ò tó, sítúdẹ́ǹtì, ọmọ tiwa náà wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mu nǹkan tán níta tẹ́ ẹ ò fẹ́ gbé òfìfo lọ, ẹ má sọ ọ́ sínú dọ́sítíbìn, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nílẹ̀. Àṣà ibí nìyẹn, wọ́n ní gbólóhùn kan fún un, "Pfand gehört daneben", ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ dọ́sítíbìn ni àyè Pfand. Kí ẹlòmíì má baà ki ọwọ́ bọ ìdọ̀tí kí ìgò wá gé e. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ máa ṣa á, kò sí ìtìjú níbẹ̀, agolo 40 ni 10 Yúrò, ọgbà ìgbafẹ́ tó bá ti di ìgbà ooru àti ẹ̀gbẹ́ sítédíọ̀mù ló pọ̀ sí, àmọ́ ẹ ṣọ́ra ní ibùdókọ̀ tíréènì, òfin ilé Deutsche Bahn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa tú dọ́sítíbìn.

Ẹ má sì gbọ́n àgbọ́njù o. Ní 2016, kóòtù ní Cologne rán ọkùnrin oníṣòwò ọtí kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́wàá. Ó tún mẹ́ṣìn tiẹ̀ ṣe, kò jẹ́ kó máa rún ike mọ́, ni ike kan ṣoṣo bá ń wọlé ń jáde, ju ìgbà 177,000 lọ, owó tó gbà ju 44,000 Yúrò. Ike kan o!

Tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò, ẹ má kó ike ìlú kan lọ sí ìkejì. Ti Netherlands ò ṣiṣẹ́ níbí, tibí ò ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, Austria bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní oṣù kìíní 2025, 25 sẹ́ǹtì náà ni, síbẹ̀ ètò tiwọn yàtọ̀. Ireland bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 2024. Ẹ̀yin ará London ṣì ń retí, oṣù kẹwàá 2027 ni wọ́n dá fún England. New York ń san 5 sẹ́ǹtì dọ́là, Oregon tó kọ́kọ́ ṣòfin ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1971 ti dé 10. Nílé, kò sí mẹ́ṣìn, àmọ́ irọ́ ni pé gbogbo ike ń ṣòfò, ẹlẹ́pà á rà á kó fi rọ ẹ̀pà, elépo á rà á, ní Èkó sì rèé, láti 2012 ni ilé iṣẹ́ Wecyclers ti ń fi kẹ̀kẹ́ gba ike lọ́wọ́ aráàlú tí wọ́n ń fún wọn ní pọ́ìntì.

Ìkẹyìn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó kúrò nílé, ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ wo Keller yín, yàrá ìkẹ́rùsí abẹ́ ilé yẹn, kẹ́ ẹ tó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Mo kó kúrò lọ́dún tó kọjá, kíréètì bíà mẹ́ta ni mo bá lábẹ́ kẹ̀kẹ́ mi tó ti bàjẹ́, 9,30 Yúrò tí mo ti gbàgbé pátápátá. Ìgò kan wà nínú ẹ̀ tẹ́nì kankan ò tíì ṣí. Mo jókòó lórí páálí ẹrù, mo mu ún tán, mo tó wá lọ dá a padà kó lè pé 20.